Sẹ́ńtì wo ni kí n mú? Ìfiwéra fún ẹni tó ń yan orúkọ kọnfamésọ̀n

Ẹni tó ń múra kọnfamésọ̀n, ìyẹn sákírámẹ́ńtì tí Ìjọ Kátólíìkì fi ń fìdí ìgbàgbọ́ ẹni tó ti ṣèrìbọmi múlẹ̀, àti àgbàlagbà tó fẹ́ ṣèrìbọmi, ìbéèrè kan wà tí wọ́n máa ń bi wọ́n ní kíláàsì tó jẹ́ pé ọ̀pọ̀ kì í ronú sí i rárá: orúkọ ẹni mímọ́ wo lẹ fẹ́ jẹ́? Etí la sábà máa fi ń yàn án. Orúkọ tó bá ti dùn, tó bá orúkọ bàbá ẹni mu, ó parí, bíṣọ́ọ̀bù á fi òróró sí wa níwájú orí, á pè wá lórúkọ yẹn, tó bá wá di ọdún mẹ́ta sí i tẹ́nì kan ní ta lẹni tẹ́ ẹ ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ yìí, a ò ní rí nǹkan sọ. Ó máa ń dùn mí gan-an. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, kí ló wá dé tá ò ní wo ilé, ká wo ọ̀nà, ká wo ìdánwò tó wà níwájú wa ká tó mú orúkọ ẹni tá a fẹ́ kó máa bá wa bẹ Ọlọ́run títí tá a fi máa kú?

Kí n tètè sọ ọ́ o, kò sí òfin Ìjọ Kátólíìkì tó sọ ọ́ di dandan kéèyàn mú orúkọ tuntun nígbà kọnfamésọ̀n, àṣà ni, orúkọ ìrìbọmi yín náà tó, kódà ó dáa kéèyàn padà síbẹ̀. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá máa mú òmíì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi bí ikú ẹni náà ṣe le tó yàn án. Àṣìṣe tí mo máa ń rí jù nìyẹn, ká máa wá ẹni tí wọ́n dá lóró jù bí ẹni pé ìdíje ni. Ẹ wo ohun tí wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò fi sílẹ̀, kẹ́ ẹ wá wò ó bóyá ohun kan náà layé ń fẹ́ gbà lọ́wọ́ ẹ̀yin náà. Ohun tí mo fi tò wọ́n ní méjì méjì nìyẹn.

Charles Lwanga àbí Thomas More: tí ọ̀gá bá ní kẹ́ ẹ ṣe ohun tí kò dáa

Àwọn méjèèjì, ọba ni wọ́n ń sìn, ọba tí wọ́n sì ń sìn yẹn náà ló ní kí wọ́n pa wọ́n. Ibi tí ìjọra wọn mọ nìyẹn.

Lwanga, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Buganda ni, ilẹ̀ tó wà nínú Uganda òde òní, ó ń ṣiṣẹ́ láàfin Kabaka (ọba) Mwanga níbi tí àwọn ọmọkùnrin ti ń ṣe ẹmẹ̀wà ọba. Ọba yìí máa ń fẹ́ bá àwọn ọmọ náà ṣe ìṣekúṣe. Ẹni tó jẹ́ olórí wọn tẹ́lẹ̀, Joseph Mukasa Balikuddembe, ló ń dáàbò bò wọ́n, òun náà ló sì kò ọba lójú pé pípa tó ní kí wọ́n pa James Hannington, bíṣọ́ọ̀bù àwọn Áńgílíkà, kò dáa. Wọ́n pa òun náà lọ́jọ́ 15 oṣù kọkànlá 1885. Ọjọ́ yẹn gan-an ni Lwanga gba ìrìbọmi. Ẹ fara balẹ̀ wò ó: ó rí ohun tí wọ́n fi ọ̀gá rẹ̀ ṣe, ó mọ̀ pé iṣẹ́ dídáàbò bo àwọn ọmọ yẹn ti kan òun, ó sì lọ bá àwọn fadá pé kí wọ́n ṣèrìbọmi fóun, nígbà tí ẹlòmíì ì bá ti máa wá bó ṣe máa sá. Kò lò tó oṣù méje lẹ́yìn ìrìbọmi yẹn tí wọ́n fi pa á. Nígbà tọ́ràn wá le ní oṣù karùn-ún 1886, òun fúnra rẹ̀ ló ṣèrìbọmi fún àwọn ọmọ tí wọn ò tíì ṣe é fún, Kizito tó jẹ́ ọmọ bí ọdún 14 wà lára wọn. Wọ́n mú wọn lọ sí Namugongo, wọ́n sì dáná sun wọ́n níbẹ̀ lọ́jọ́ 3 oṣù kẹfà, Lwanga lọ́tọ̀, wọ́n rọra jó o láti ẹsẹ̀ wá sókè. Ọ̀kan nínú wọn wà tó ń jẹ́ Mbaga Tuzinde, ẹni tó tọ́ ọ dàgbà gan-an ni olórí àwọn tó ń pa èèyàn fún ọba, bàbá yìí bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣáà sọ pé òun ò gbàdúrà mọ́, kódà kó jẹ́ kóun fi í pamọ́, ọmọ kọ̀. Kátólíìkì 22 ni Póòpù Paul Kẹfà kéde ní ẹni mímọ́ lọ́dún 1964, ó sì dárúkọ àwọn Áńgílíkà tí wọ́n jọ kú náà lọ́jọ́ yẹn, inú mi máa ń dùn tí mo bá rántí ìyẹn.

Thomas More ní tiẹ̀, lọ́yà ni, ará London, baálé ilé, ọ̀rẹ́ ọba Henry Kẹjọ, òun ni Lord Chancellor, olórí ètò òfin ọba, láti 1529 sí 1532. Kò sáré lọ kú o. Gbogbo ọgbọ́n òfin tó mọ̀ ló lò kó lè yè é. Ó kọ̀wé fipò sílẹ̀, ó padà sílé, kò bú ọba, kò dìde ta kò ó ní gbangba, ó kàn dákẹ́. Nígbà tí wọ́n ní kó wá búra ní 1534 pé òun fara mọ́ ìgbéyàwó tuntun ọba, pé Póòpù kò sì láṣẹ lórí ẹ̀, ó ní òun ò lè búra, kò sì sọ ìdí ẹ̀, torí ó mọ̀ pé nínú òfin, ẹni tó dákẹ́ kì í ṣe ẹni tó ta ko ọba. Ó lé lọ́dún kan tó fi wà ní àhámọ́ nínú Tower of London. Alice ìyàwó rẹ̀ wá bá a níbẹ̀, ó ní kí lò ń wá láàárín eku, ẹni tó nílé tó dáa, tó níwèé, tó nígbádùn. Margaret ọmọ rẹ̀, ẹni tó fẹ́ràn bí ojú, náà bá a sọ̀rọ̀ títí. Ẹ̀rí tí Richard Rich jẹ́ ní kóòtù ni wọ́n fi dá a lẹ́bi, More sì sọ lójú gbogbo wọn pé irọ́ ló pa. Wọ́n bẹ́ ẹ lórí lọ́jọ́ 6 oṣù keje 1535, ó ní ìránṣẹ́ rere ọba lòun ń kú, ṣùgbọ́n ti Ọlọ́run ló ṣáájú.

Mi ò ní fi apá kan pamọ́ fún yín. Nígbà tí More wà nípò, wọ́n dáná sun àwọn kan torí pé ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ wọn yàtọ̀ sí ti Ìjọ, òun náà sì fara mọ́ ọn. Ó burú. Tẹ́ ẹ bá máa mú orúkọ rẹ̀, ẹ mú un tòun ti ìyẹn, torí kíkéde tí Ìjọ kéde ẹnì kan ní ẹni mímọ́ kò túmọ̀ sí pé gbogbo ohun tó ṣe láyé ló dáa.

Báwo lẹ ṣe máa wá yàn nínú méjèèjì? Tí iṣẹ́ yín bá jẹ́ iṣẹ́ bébà, iṣẹ́ òfin, iṣẹ́ ìjọba, tó jẹ́ pé ẹ̀ṣẹ̀ máa ń wá bíi ká kàn fọwọ́ síwèé kan, tí ará ilé yín sì máa ń sọ pé ṣebí gbogbo èèyàn ló ń fọwọ́ sí i, More lẹ ń wá, Póòpù John Paul Kejì ti fi í ṣe alágbàwí àwọn olóṣèlú láti ọdún 2000. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀ ń tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ, tíṣà, olùṣọ́ ọmọ, ẹ̀gbọ́n tí àwọn àbúrò ń wò, tàbí tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ inú ìgbàgbọ́ tẹ́ ẹ rò pé ẹ ò tíì mọ nǹkan kan, ẹ mú Lwanga. Kò tíì pẹ́ nínú ìgbàgbọ́, ohun tó mọ̀ náà ló sì fi dúró.

Maximilian Kolbe àbí Perpetua àti Felicity: ọ̀rọ̀ ọmọ àti ìdílé

Èyí ni mo fẹ́ràn jù láti fi wéra, torí ó jọ pé wọ́n ta kora. Ọ̀kan ò bímọ, ó kú torí ọmọ ẹlòmíì. Àwọn tó kù bímọ tuntun, wọ́n fi ọmọ sílẹ̀ lọ kú.

Kolbe, fadá Franciscan ará Poland, wọ́n bí i ní 1894. Òun ló dá Niepokalanów sílẹ̀ ní 1927, ilé àwọn búrọ́dà tí wọ́n ti ń tẹ ìwé ìròyìn, ó dé Nagasaki ní Japan náà. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì dé, wọ́n gba àwọn tí ogun lé kúrò nílé síbẹ̀, àwọn Júù wà lára wọn. Àwọn ará Jámánì mú un lóṣù kejì 1941, wọ́n gbé e lọ sí Auschwitz, àgọ́ ìfìyàjẹni wọn, lóṣù karùn-ún, nọ́ńbà rẹ̀ ni 16670. Nígbà tí oṣù keje ń parí lọ, ẹnì kan sá kúrò ní àgọ́ náà, ni ọ̀gá àgọ́ bá ní kí wọ́n mú èèyàn mẹ́wàá kí ebi pa wọ́n kú dípò rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, Franciszek Gajowniczek, ké pé yéè, ìyàwó mi, àwọn ọmọ mi. Kolbe jáde lórí ìlà. Wọ́n bi í pé ta ni ẹ́, ó ní fadá Kátólíìkì lòun, òun fẹ́ bọ́ sí ipò ọkùnrin yẹn. Wọ́n gbà fún un. Ọkùnrin tó ń ṣe ògbufọ̀ níbẹ̀ ròyìn lẹ́yìn náà pé ohùn àdúrà àti orin ló ń jáde láti inú yàrá yẹn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn mẹ́rin ṣì wà láàyè, Kolbe wà nínú wọn, ni wọ́n bá fún wọn ní abẹ́rẹ́ májèlé lọ́jọ́ 14 oṣù kẹjọ. Gajowniczek yè é, ó sì wà níbẹ̀ fúnra rẹ̀ ní Róòmù lọ́jọ́ 10 oṣù kẹwàá 1982 tí wọ́n kéde fadá yẹn ní ẹni mímọ́. Ẹni ọdún 93 ni nígbà tó kú ní 1995.

Ibì kan wà nínú ọ̀rọ̀ Kolbe táwọn èèyàn máa ń jiyàn lé lórí: ṣé ajẹ́rìíkú ni? Kò sẹ́ni tó ní kó sẹ́ Jésù lọ́jọ́ yẹn, òun ló yọ̀ǹda ara rẹ̀. Nígbà tí Paul Kẹfà kéde rẹ̀ ní ẹni ìbùkún, ìyẹn ipò tó ṣáájú ti ẹni mímọ́, ní 1971, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí ajẹ́rìíkú ló fi kéde rẹ̀. John Paul Kejì ló pè é bẹ́ẹ̀ ní 1982, torí ìkórìíra tó wà nínú àgọ́ yẹn, ìkórìíra sí Ọlọ́run àti sí èèyàn tó dá ni. Ní 2017 Póòpù Francis wá ṣí ọ̀nà míì tí wọ́n lè gbà kéde èèyàn ní ẹni mímọ́ sílẹ̀ pátápátá, ti ẹni tó fi ẹ̀mí rẹ̀ lélẹ̀ nítorí ìfẹ́, tó sì kú láìpẹ́ nítorí ẹ̀. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì: ẹni tó bá kú gẹ́gẹ́ bí ajẹ́rìíkú, wọn kì í béèrè iṣẹ́ ìyanu kí wọ́n tó kéde rẹ̀ ní ẹni ìbùkún, àfi tó bá di ti ẹni mímọ́, àwọn yòókù àti ìkíní àti ìkejì ni wọ́n ti máa ń béèrè.

Ẹ wá wo Perpetua. Carthage ni, ní Tunisia òde òní, ọdún 203. Ẹni ọdún 22 ni, ọmọ ilé ọlá, ọmọ rẹ̀ ṣì ń mu ọyàn, kò sì tíì ṣèrìbọmi nígbà tí wọ́n mú un torí ìgbàgbọ́ Kristẹni rẹ̀, tí wọ́n wá dájọ́ pé kí ẹranko búburú pa òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní pápá ìran. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i lẹ́wọ̀n sílẹ̀, ìwé yẹn wà di òní, ohùn obìnrin láti nǹkan bí ẹgbẹ̀rún méjì ọdún sẹ́yìn dín díẹ̀, ó máa ń bà mí lọ́kàn jẹ́ ó sì máa ń gbé mi ró lẹ́ẹ̀kan náà. Bàbá rẹ̀ wá bẹ̀ ẹ́. Ó na ìṣà kan tó wà nílẹ̀ níbẹ̀ sí bàbá, ó ní ṣé ẹ lè pe nǹkan yìí ní orúkọ tí kì í ṣe tiẹ̀? Bàbá ní rárá. Ó ní èmi náà ò lè pe ara mi ní ohun míì yàtọ̀ sí ohun tí mo jẹ́, Kristẹni ni mí. Bàbá tún padà wá, ó fi ẹnu ko ọwọ́ ọmọ rẹ̀, ó dojú bolẹ̀, ó ń sunkún. Bàbá ń kúnlẹ̀ fọ́mọ! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ ẹ máa mọ̀ pé kò sí ẹranko búburú kan ní pápá ìran tó le tó bẹ́ẹ̀.

Felicity tí wọ́n mú pẹ̀lú rẹ̀, ẹrú ni, oyún oṣù mẹ́jọ wà níkùn rẹ̀, òfin ò sì gbà kí wọ́n pa aboyún, ẹ̀rù wá ń bà á pé wọ́n á fi òun sílẹ̀ sẹ́yìn. Wọ́n gbàdúrà, ó rọbí. Ọ̀kan nínú àwọn wọ́dà fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé tó o bá ń ké báyìí nísinsìnyí, báwo lo ṣe máa ṣe níwájú ẹranko. Ó fèsì pé èyí tí mò ń jẹ lónìí èmi nìkan ni mò ń jẹ ẹ́, lọ́jọ́ yẹn Ẹlòmíì á wà nínú mi tó máa bá mi jẹ ẹ́. Ó bí ọmọbìnrin, arábìnrin kan nínú ìgbàgbọ́ gba ọmọ náà tọ́. Lọ́jọ́ 7 oṣù kẹta, ẹrú àti ọmọ ọlọ́lá jọ wọ pápá náà ni, nígbà tí màlúù kàn wọ́n lulẹ̀, Perpetua dìde, ó na ọwọ́ fún Felicity, ó fà á dìde.

Ẹni tí ará ilé rẹ̀ ò fẹ́ kó di Kátólíìkì, tó jẹ́ pé ẹkún ìyá tàbí ti bàbá ni ìdánwò rẹ̀, kò sẹ́ni tó dà bí Perpetua. Aboyún, ìyá ọmọ jòjòló, ọmọ ọ̀dọ̀, ẹni tí wọ́n ń fojú di, ẹ mú Felicity. Kolbe ni ti ẹni tí kò bímọ tó ń bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí ayé òun wà fún, ti fadá, ti sístà, ti ẹlẹ́wọ̀n, àti ti ẹni tó ń bá oògùn olóró jà, torí abẹ́rẹ́ tó pa á wà lára ohun tí wọ́n fi ń ké pè é fún ìyẹn.

Josephine Bakhita àbí Thérèse ti Lisieux: àwọn tí wọn ò pa

Ẹ má rò pé ẹni tó kú sórí ibùsùn kò jẹ́rìí.

Ti Thérèse ò gùn. Wọ́n bí i ní Faransé ní 1873, ó wọ ilé àwọn sístà Carmelite ní Lisieux lọ́mọ ọdún 15, kò jáde mọ́, ikọ́ ẹ̀gbẹ pa á ní 1897 lẹ́ni ọdún 24. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó ṣe ni pé àwọn nǹkan kékeré, sístà tó ń tú omi ẹlẹ́gbin sí i lára níbi ìfọṣọ, èyí tó ń pariwo lẹ́yìn rẹ̀ ní ibi àdúrà, gbogbo ẹ̀ ló fi ṣe ọrẹ fún Ọlọ́run. Àwọn tó rò pé òdòdó lásán ni Thérèse kò tíì gbọ́ pé láti Àjíǹde 1896 títí tó fi kú, òkùnkùn ló wà lọ́kàn rẹ̀, ìgbàgbọ́ pé ọ̀run wà gan-an le fún un, ó sì ń gbà á gbọ́ lọ. Kò fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ míṣọ́n kankan, síbẹ̀ ní 1927 òun ni wọ́n fi ṣe alágbàwí míṣọ́n.

Bakhita ni tèmi. Darfur ní Sudan ni wọ́n bí i sí ní nǹkan bí 1869, àwọn ajínigbé gbé e nígbà tó wà lọ́mọ bí ọdún méje sí mẹ́sàn-án, ẹ̀rù bà á débi pé ó gbàgbé orúkọ tí bàbá àti ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Bakhita tá à ń pè é yẹn, àwọn tó jí i gbé ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ìtumọ̀ ẹ̀ ni olóríire. Wọ́n tà á, wọ́n tún un tà, ọ̀kan nínú àwọn tó rà á ní kí wọ́n kọ ọ́ lábẹ fún ẹ̀ṣọ́, ojú ọgbẹ́ 114, wọ́n sì fi iyọ̀ ra á kó má bàa jiná mọ́ra. Lẹ́yìn náà kọ́ńsù Ítálì kan, aṣojú ìjọba wọn níbẹ̀, rà á, ó bá a lọ sí Ítálì ní 1885, ó di olùtọ́jú ọmọ nínú ìdílé kan, ibẹ̀ ló ti dé ọ̀dọ̀ àwọn sístà Canossian ní Venice. Nígbà tí ìyáálé ilé padà wá mú un kí wọ́n jọ padà sí Áfíríkà, Bakhita ní òun ò lọ. Ẹni tí gbogbo ayé ti ń pàṣẹ fún látọmọdé! Ọ̀rọ̀ dé kóòtù, lọ́jọ́ 29 oṣù kọkànlá 1889 wọ́n ní òmìnira ni, kò sẹ́ni tó ni ín. Ó gba ìrìbọmi ní oṣù kìíní 1890, ó di sístà, ó se oúnjẹ, ó ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ní Schio fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó kú ní 1947. Nínú àìsàn tó pa á, ó ń bẹ nọ́ọ̀sì pé kó tú ṣẹ́ẹ̀nì ẹsẹ̀ òun díẹ̀, ó wúwo. Bí ó ṣe pẹ́ tó yẹn, ara ṣì ń rántí. Òun náà ló sì sọ pé tóun bá pàdé àwọn tó jí òun gbé, òun máa kúnlẹ̀ kóun fi ẹnu ko ọwọ́ wọn.

Ẹni tí wọ́n ti ṣe níṣekúṣe, ẹni tí wọ́n ti tà, ẹni tó ń bá ìrántí jà lóru, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ ìdáríjì yẹn lù yín lórí. Ẹ kíyè sí i pé kóòtù ló kọ́kọ́ dé, kó tó di pé ó sọ̀rọ̀ ẹnu kíkò. Ẹni tí ayé rẹ̀ kò ní ìtàn kankan, tó ń fọ abọ́ tó ń tọ́jú aláìsàn lójoojúmọ́ tí kò sẹ́ni tó rí i, Thérèse ni kẹ́ ẹ mú.

Àwọn tí mo fẹ́ mẹ́nu bà díẹ̀

Carlo Acutis ni àwọn ọ̀dọ́ ń mú jù báyìí, ọmọ ọdún 15 tó mọ kọ̀ǹpútà dáadáa, tí lukémíà pa ní 2006, tí wọ́n kéde ní ẹni mímọ́ lọ́jọ́ 7 oṣù kẹsàn-án 2025. Tó bá jẹ́ torí kọ̀ǹpútà nìkan lẹ fi fẹ́ ẹ, ẹ dúró díẹ̀, Mísà ojoojúmọ́ ló wà nídìí gbogbo ẹ̀. Mónícà wà fún ìyá tí ọmọ rẹ̀ ti ṣìnà, ọ̀pọ̀ ọdún ló fi sunkún lórí Augustine kó tó gba ìrìbọmi ní 387, ọdún yẹn náà ni ìyá kú. Ẹ ó gbọ́ táwọn kan ń sọ pé wọ́n ti yọ Christopher kúrò nínú ẹni mímọ́. Wọn ò yọ ọ́. Kàlẹ́ńdà gbogboogbò ni wọ́n mú ọjọ́ rẹ̀ kúrò nínú ẹ̀ ní 1969, ohun tá a mọ̀ dájú nípa rẹ̀ kò pọ̀, ẹ ṣì lè jẹ́ orúkọ náà, àmọ́ ẹ ò ní rí ìtàn púpọ̀ kà.

Tẹ́ ẹ bá ti yàn, ẹ sọ fún ẹni tó máa dúró bí alágbàtọ́ yín ṣáájú ọjọ́ náà, kẹ́ ẹ sì kọ ọjọ́ àjọ̀dún ẹni yín síbi tẹ́ ẹ ti máa rí i: Bakhita 8 oṣù kejì, Perpetua àti Felicity 7 oṣù kẹta, Lwanga àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ 3 oṣù kẹfà, More 22 oṣù kẹfà, Kolbe 14 oṣù kẹjọ, Mónícà 27 oṣù kẹjọ, Thérèse 1 oṣù kẹwàá, Carlo 12 oṣù kẹwàá. Lọ́jọ́ yẹn lọ́dọọdún, ẹ gbìyànjú kẹ́ ẹ lọ sí Mísà.